Ẹran dín kù, ẹ̀wà pọ̀ sí i

Ẹ má rò pé mi ò jẹ ẹran mọ́ o, ẹja gan-an mi ò lè fi sílẹ̀ jàre. Ohun tí mò ń ṣe nílé wa l'Ábẹ́òkúta ò ju pé làfún wà níbẹ̀, gbẹ̀gìrì àti ewédú wà níbẹ̀, ẹran nìkan ló dín kù. Ẹ̀wà ní purotíìnì, ó tún ní fáíbà tó ń jẹ́ kéèyàn yó pẹ́ tí inú ò sì ní máa le. Tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́, ẹ fi ọsàn tì í, fítámì C inú ọsàn máa ń jẹ́ kára gba áyọ̀n (èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) inú ẹ̀wà dáadáa. Fítámì B12 ni ẹ̀wà ò ní, ìyẹn ni mo ṣe ń se ẹyin tàbí ẹja sí i. Màmá mi ṣì ń bi mí pé ṣé owó ẹran ló tán ni.