Ẹ bẹ́rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó ra irin

Ọdún kẹwàá rèé tí èmi àti ọkọ̀ Chevrolet Camaro 1968 yìí ti jọ ń fìyà jẹ ara wa. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àbúrò mẹ́ta ló bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Ẹ̀gbọ́n, sway bar wo ni kí n rà?" Irin tó so ẹsẹ̀ òsì àti ọ̀tún ọkọ̀ pọ̀ nìyẹn, kí ọkọ̀ má bàa fì jù tó bá ń yà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ rẹ̀ fún mi. Ẹ ti mọ ohun tí camber ń jẹ́, bí orí táyà ṣe tẹ̀ wọnú tàbí síta, mi ò ní padà sí ABD. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni mo kọ sínú bébà kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, ẹ gbàgbé nọ́ńbà alàímẹ́ǹtì tó wà nínú ìwé ọkọ̀. Táyà bias-ply ayé àtijọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n kọ ìwé yẹn. Táyà radial tí à ń lò báyìí ń fẹ́ caster (bí ìdúró ẹsẹ̀ iwájú ṣe tẹ̀ sẹ́yìn) tó pọ̀ jùyẹn lọ, ó sì ń fẹ́ kí orí ẹsẹ̀ iwájú tẹ̀ wọnú. Tèmi wà ní digírì -1.8 fún camber, +6 fún caster, mo sì ní láti pààrọ̀ apá òkè, irin tó di orí ẹsẹ̀ iwájú mú, kí n tó rí i bẹ́ẹ̀.

Èkejì, ẹ má fi bọ́ọ̀ṣì polyurethane, ìyẹn rọ́bà líle, há leaf spring mọ́, sípíríǹgì irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Irin yẹn gbọ́dọ̀ lè lọ́ díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń fì. Bí bọ́ọ̀ṣì bá gan, ìdí ọkọ̀ á le ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ̀kẹta ni ti sway bar ẹ̀yìn. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọdún kejì tí mo ra ọkọ̀ yìí, mo gé sípíríǹgì iwájú kó lè lọ sílẹ̀ ní ínṣì méjì. Ó rẹwà, mi ò purọ́. Àmọ́ tí mo bá dé àárín kóònù ní autocross, eré tí à ń fi ọkọ̀ yà láàárín kóònù kí àkókò wa lè kéré, kò ní yà. Màá yí sítíárín, imú á máa lọ tààrà, táyà á máa ké. Ìṣẹ́jú àáyá méjì ni SCCA, ẹgbẹ́ eré ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ń fi kún àkókò ẹni lórí kóònù kan tí ó bá gbá, mo sì ń kó mẹ́ta, mẹ́rin lọ nínú eré tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹni tó ń ta irin fún mi ní kí n ra sway bar ẹ̀yìn. Mo rà á, ó sàn díẹ̀. Ó ní kí n ra èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀. Mo tún rà á. Kò fìgbà kan bẹ́rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ mi, owó ọwọ́ mi nìkan ló ń wò, inú ṣì ń bí mi sí i títí dòní. Àmọ́ ta ló ní kí èmi náà má bẹ́rẹ̀?

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Mo ṣe ipò kejì ní CAM-T, ìpele àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́, lọ́jọ́ kan, orí mi wú, mo wá gbé e lọ sí pápá eré gidi. Kò sí igun tí mo ti gbá 60 máìlì rí láàárín kóònù. Igun ọjọ́ yẹn, bíi 85 ni mo bá wọ̀ ọ́. Imú tún kọ̀. Àyà mi já, mo sáré gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná. Ìwúwo ọkọ̀ rọ́ lọ síwájú, ẹ̀yìn fúyẹ́, irin tó nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ yẹn sì gbé táyà inú kúrò nílẹ̀. Ìdí ọkọ̀ ṣáájú orí. Láti ojú gíláàsì iwájú ni mo ti ń wo ọ̀nà tí mo gbà wá. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ gbàù: fẹ́ńdà òsì ti wọnú ògiri táyà.

Ìgbà tí a fi jáàkì gbé e láti tú fẹ́ńdà ni mo rí rọ́bà bump stop tó ń dá apá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú dúró kó má bàa gòkè jù. Orí rẹ̀ ń dán bí ìdí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yanrìn fọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ti ya. Mo gé sípíríǹgì, mi ò gé rọ́bà. Àyè tó kù láàárín rọ́bà àti irin kò gba ìka mi. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá fì, orí rọ́bà ni mo ń gùn. Bí rọ́bà bá sì ti kan irin, ẹsẹ̀ ìta kò ní sípíríǹgì mọ́, ìwúwo á dé bá táyà lójijì, á yọ̀. Imú ló ń ṣàìsàn, ìdí ni mo ń fún lóògùn.

Mo ra sípíríǹgì gidi, mo gbé iwájú sókè ní ínṣì kan, mo fi rọ́bà kúkúrú sí i, mo tú sway bar ẹ̀yìn. Ọkọ̀ yà. Irin náà ṣì wà lára ògiri gáréèjì mi, ẹni méjì ti fẹ́ rà á, mi ò tà á fún wọn.

Ẹ̀kẹrin àti ìkarùn-ún, ìgbóná táyà àti ṣọ́ọ̀kù ni, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ bi mí ní ìbéèrè, ẹ fi gíríìsì pa orí rọ́bà yẹn ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ sáré ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bí gíríìsì bá ti lẹ̀ mọ́ irin, orí rọ́bà lẹ̀yin náà ń gùn. Fọ́tò gíríìsì yẹn ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe ti sway bar.