Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ka lẹ́tà wa

Ní sáà yìí, mo ń gba ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, apá tí ó sì wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ ni bí ẹ̀rọ ṣe ń fi òdo àti oókan nìkan pa gbogbo lẹ́tà mọ́. Àwọn ìyókù, bí orúkọ àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, kò ṣe àjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú wa.

Òdo tàbí oókan kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní bit; bit mẹ́jọ ló ń di byte kan. ASCII, ìlànà fífi nọ́ńbà dúró fún lẹ́tà tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1963, kò tilẹ̀ lò ju bit méje lọ, nítorí náà àmì 128 péré ni àyè wà fún, kò sì sí ẹ, ọ tàbí ṣ níbẹ̀. Ìgbà tí Unicode, ìlànà tí ó wà fún lẹ́tà oríṣiríṣi èdè àgbáyé, dé ní ọdún 1991 ni ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ sí í là fún irú àwa báyìí.

Nínú UTF-8, ọ̀nà kan tí à ń gbà fi byte kọ àwọn àmì Unicode, byte kan ṣoṣo ni "e" ń gbà, ṣùgbọ́n "ẹ́" sábà máa ń gba márùn-ún: mẹ́ta fún ẹ, méjì fún àmì ohùn orí rẹ̀. (Àwa tí à ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ ti ń náwó ju bí a ti rò lọ!) Èyí tí ó tún ṣòro jù ni pé a lè to lẹ́tà kan náà ní ọ̀nà mìíràn, kí a fi àmì ìsàlẹ̀ kún "é"; ojú kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè kà wọ́n sí ohun méjì, kí ó sì sọ pé òun kò rí ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú wa gbangba. Iṣẹ́ àṣetiléwá wa ni kí a fi Python, èdè kan tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, kọ ètò kékeré tí yóò sọ méjèèjì di ọ̀kan kí ìwákiri tó bẹ̀rẹ̀.