Etí ọmọ ni kí ẹ bò, ẹ fi ojú sílẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní sinimá

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ ò jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi nítorí fíìmù àwọn alien, ìyẹn àwọn ẹ̀dá tó ti ojú ọ̀run wá, tó wà ní sinimá báyìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó lọ. Àná la lọ, àyà mi ò sì tíì wálẹ̀.

Ọmọ ọdún 8 ni ọmọ mi ọkùnrin. 12A ni wọ́n kọ sí fíìmù náà, ìyẹn ni pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 12 lè wò ó bí àgbàlagbà bá bá a wọlé. Mo bá a wọlé. Mo tètè ń sọ èyí nítorí àwọn tó máa bi mí pé kí ni mo gbé ọmọdé lọ ṣe níbẹ̀.

Nígbà tá a kọ́kọ́ jókòó, ó ń jẹ gúgúrú, ó ń rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tí ọkọ̀ àwọn alien wá ṣíji bo gbogbo ìlú. Iná ò tíì sọ, ilé kankan ò tíì wó. Ohùn kan kàn bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń kùn bí ẹni pé tírélà dúró sẹ́nu ọ̀nà tí kò pa ẹ́ńjìnnì. Àga ń gbọ̀n. Omi inú ike tí mo gbé sí apá àga ń mì. Ọmọ yìí di ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo wò ó: gúgúrú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè gbé e mì. Mo ń pè é, "Àjàní, Àjàní," kò gbọ́. Mo wá fi ọwọ́ bò ó lójú bí ìyá èyíkéyìí ṣe máa ṣe. Hàà! Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, mi ò gbọ́ irú igbe yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. "Mọ́mì, ó wà lábẹ́ mi! Ó wà lábẹ́ mi!" Ọkùnrin kan sọ látẹ̀yìn pé, "Màdáámú, ẹ gbé ọmọ yín jáde jàre." Omijé bọ́ lójú mi nínú òkùnkùn yẹn. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ sí rí láàárín èrò ló máa mọ bó ṣe ń dunni.

Lábẹ́ rẹ̀ ló ní ó wà, kò ní ó wà níwájú òun. Ìgbà yẹn ló yé mi. Mo tú ìborùn mi, mo fi dì í létí, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mo gbé e sórí itan kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kúrò nílẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ìlú ń jóná níwájú rẹ̀, kò sunkún mọ́. A wo fíìmù náà tán.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn: etí ni kí ẹ bò. Sinimá ní sípíkà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ohùn bẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ tó ń kùn, tí kò ju nǹkan bí 120 Hz lọ (kó gbọ̀n nígbà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ara ló sì ń gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ti ń ṣe é tipẹ́. Nígbà tí fíìmù Earthquake jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, ńṣe ni wọ́n gbé sípíkà ńláńlá wọ sinimá kí àga lè máa gbọ̀n. Tí ẹ bá bo ojú ọmọ, ohùn yẹn nìkan lẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀kọ́ kejì, ẹ má rò pé 12A ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún yín. Kò sọ bí ohùn ṣe máa le tó. Ẹ ra ìbotí ọmọdé tó dà bí hẹdifóònù, ẹ jókòó sẹ́bàá ọ̀nà. Etí náà ni mo ṣì ń sọ.

Ẹ̀kọ́ kẹta, ẹ fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han ọmọ. Nínú Independence Day, fíìmù alien ti ọdún 1996, ilé ààrẹ Amẹ́ríkà tí wọ́n fọ́ yángá, àwòṣe kékeré ni. Iná tó ń ya gba àárín títì, àwòṣe ìlú ni wọ́n dà dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n gbé kámẹ́rà sókè, wọ́n dáná nísàlẹ̀, nítorí iná máa ń lọ sókè ni. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ mi ní alẹ́ àná, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun fẹ́ ṣe tòun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni sinimá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbi tí wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì pé ohùn fíìmù yìí le. Ìlà kan péré ni.