Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, tí irinṣẹ́ wa ní ó tì

Àbúrò mi kan tó ń tọ́jú sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn ẹ̀rọ mìíràn lóhùn) ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, irinṣẹ́ yín ní pọ́ọ̀tù 8443 tì, bẹ́ẹ̀ mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i ní bráúsà, ó sì wọlé."

Open source ni irinṣẹ́ náà (ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù rẹ̀, kó sì lò ó), àwa mélòó kan la jọ ń tọ́jú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba àdírẹ́sì, kó lọ kan ilẹ̀kùn sáfà (ìyẹn pọ́ọ̀tù, ojú ọ̀nà oní-nọ́ńbà tí wọ́n ń gbà wọlé), kó wá sọ èyí tó ṣí àti èyí tó tì. Bó bá ní ó tì nígbà tó ṣí, ẹni tó gbà á gbọ́ á sùn fọnfọn. Èmi ò lè sùn lóru ọjọ́ náà.

Mo ní kó fi àdírẹ́sì gan-an ránṣẹ́. Ó rí báyìí: https://[2001:db8::7]:8443/ (mo ti pààrọ̀ nọ́ńbà rẹ̀, 2001:db8 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ). Bí mo ṣe rí àkámọ́ [ ] yẹn ni mo ti fura. IPv6 ni, irú àdírẹ́sì Íńtánẹ́ẹ̀tì tó gùn.

Kóòdù wa, tí a fi èdè kọ̀ǹpútà Python kọ, máa ń yọ https:// kúrò, kó tó gé àdírẹ́sì níbikíbi tó bá ti rí àmì : yìí. Èyí tó ṣáájú ni sáfà, èyí tó tẹ̀ lé e ni pọ́ọ̀tù. Kò sí wàhálà fún irú àdírẹ́sì àtijọ́ bíi 192.0.2.7:8443, torí ẹyọ kan ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì yẹn náà ni IPv6 fi ń ya nọ́ńbà rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí "[2001" ṣe di sáfà nìyẹn, tí "db8" di pọ́ọ̀tù. Python fẹ́ sọ db8 di nọ́ńbà, kò ṣeé ṣe, ó sì pariwo pé àṣìṣe wà. Ibi tó dùn mí jù nìyí: ìlà kan wà nísàlẹ̀ tó gbé ariwo náà mì, tó wá kọ "ó tì" sínú àbájáde. Irinṣẹ́ náà ò tilẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn! Kí irinṣẹ́ ààbò dákú lójú wa sàn ju kó parọ́ fún wa lọ.

Mo yọ gígé yẹn kúrò, mo fi urlsplit tí Python ní, èyí tó ń ya àdírẹ́sì sí wẹ́wẹ́, rọ́pò rẹ̀. Ó mọ àkámọ́: ó fún mi ní 2001:db8::7, ó fún mi ní 8443. Síbẹ̀ sáfà dá 400 padà, ìyẹn ni pé ìbéèrè wa ò tọ́ lójú rẹ̀. Ó gbà mí ní wákàtí méjì kí n tó rí i pé urlsplit ti bọ́ àkámọ́ kúrò, àwa sì ń kọ 2001:db8::7:8443 sínú Host, ìlà tó ń sọ fún sáfà àdírẹ́sì tí a ń wá. Ẹ wò ó dáadáa: odindi àdírẹ́sì IPv6 mìíràn nìyẹn! Ta ló máa mọ̀ pé pọ́ọ̀tù ni 8443, pé kì í ṣe ìrù àdírẹ́sì? Torí ẹ̀ ni RFC 2732, ìwé ìlànà Íńtánẹ́ẹ̀tì kan, ṣe ní ká máa lo àkámọ́ láti 1999. Mo ti kà á tipẹ́, òru yẹn ló tó yé mi.

Mo dá àkámọ́ padà sáyè rẹ̀. Mo tún yọ ìlà tó ń gbé ariwo mì: àdírẹ́sì tí irinṣẹ́ ò bá lè kà, kó sọ pé òun ò lè kà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àbúrò mi tún un yẹ̀ wò. 8443 ṣí. Ojú ìwé ìṣàkóso ni, ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá ẹ̀rọ náà wá láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ṣì ń lò. Ó ti yí i padà kí n tó jẹun àárọ̀ tán.