Físà Ló Gé Máàpù Wa Kúrú

Máàpù tí Bàbá Ìbejì yà sílẹ̀ gùn ju ìsinmi àwọn ọmọ lọ. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí à ń gbé, ó fẹ́ ká gba Faransé, Síwítísáláǹdì, Ítálì, Sìlòfẹ́níà, ká yà sí Kòróṣíà lọ wo òkun, ká wá gba Ọ́síríà, Jámánì àti Bẹ́líjíọ̀mù padà sílé. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ìrìn-àjò lẹ fẹ́ ká lọ ni, àbí ẹ fẹ́ ká lọ ka orílẹ̀-èdè?" Ó ní, "Ìyá Ìbejì, má fòyà." Èmi ò fòyà o, ìṣirò ni mò ń ṣe.

Físà ló kọ́kọ́ bá mi jà á. Páálí Nàìjíríà la ṣì ń lò, ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì tó wà lọ́wọ́ wa kò sì lè mú wa wọ Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà. Físà kan ṣoṣo ló kárí gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà lórí máàpù yẹn, àmọ́ kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó bá wuni la ti ń gbà á. Ibi téèyàn máa lo ọjọ́ pẹ́ sí jù lọ la ń kó ìwé lọ. Bí ọjọ́ bá dọ́gba, a jẹ́ pé ibi téèyàn máa kọ́kọ́ wọ̀ nìyẹn. Ti baálé mi sì rèé, alẹ́ kan níbí, alẹ́ kan lọ́hùn-ún, kò síbi tó ta yọ. Ni mo bá pa Sìlòfẹ́níà àti Kòróṣíà rẹ́, mo kó ọjọ́ wọn fún Ítálì. Inú rẹ̀ ò dùn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé mo gba òótọ́ sọ. Owó físà jẹ́ Yúrò 90 fún àgbàlagbà, Yúrò 45 fún àwọn ìbejì tí wọn ò tíì pé ọdún 12, ìnṣọ́ránsì ìlera tó tó Yúrò 30,000 sì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìn-àjò, ó pẹ́ tán, kó ku ọjọ́ 15. Ẹni tó bá fi falẹ̀ dé ọjọ́ 15 lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tẹ́tẹ́ ló ń ta.

Owó ojú ọ̀nà ló kàn, oníkálukú ló sì ní bó ṣe ń gba tirẹ̀. Síwítísáláǹdì ò mọ ọjọ́ kan yàtọ̀ sí ọdún kan: fránkì 40 ni, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ńṣe lo kàn fẹ́ kọjá. Ọ́síríà ń ta ti ọjọ́ kan àti ti ọjọ́ mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ọ̀nà Brenner tí a máa gbà wọlé láti Ítálì lówó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Jámánì àti Bẹ́líjíọ̀mù kì í gba owó títì lọ́wọ́ ọkọ̀ kékeré, ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ọn pé ká gba ibẹ̀ padà.

Ti Faransé ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Láti Calais lọ sí Reims, ẹ ó fa tíkẹ́ẹ̀tì níbi tẹ́ ẹ ti wọ títì, ẹ ó san owó níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ jáde. Apá òsì ni ẹ̀rọ náà máa ń wà, apá ọ̀tún sì ni sítíárìn ọkọ̀ wa wà. Èmi tí mo jókòó lápá òsì ni mo wá di akápò. Káàdì á ti wà lọ́wọ́ mi, fèrèsé á ti wà nílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró, tíkẹ́ẹ̀tì á sì wà lábẹ́ itan mi kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Ọwọ́ mi ò gùn. Bí awakọ̀ bá dúró jìnnà, àfi kí n ṣílẹ̀kùn bọ́ sílẹ̀ lójú àwọn tó ń fun fèrè lẹ́yìn. Mo ti sọ fún un pé kó sún mọ́ ọn débi tí màá fi máa gbóòórùn ẹ̀rọ náà.

Àwọn ìbejì ò bá gbogbo ìyẹn lọ, ihò tí ọkọ̀ ń gbà kọjá lábẹ́ òkè Gotthard ní Síwítísáláǹdì ni wọ́n ń retí. Ó gùn tó kìlómítà 16.9, ọdún 1980 ni wọ́n ṣí i, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wà fún lílọ, ọ̀kan fún bíbọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ á tò lọ rẹrẹẹrẹ lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà ọjọ́ Túsìdeè ni mo fi sí.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an ni ZTL ilẹ̀ Ítálì, ìyẹn àárín ìlú tí ọkọ̀ àlejò ò gbọ́dọ̀ wọ̀. Kò sí ọlọ́pàá tó máa dá yín dúró, kámẹ́rà ló ń ya nọ́ńbà ọkọ̀, ìwé owó ìtanràn á sì bá yín délé. Bẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìtanràn lè di méjì. Mo kọ̀wé sí hòtẹ́ẹ̀lì tí a fẹ́ sùn ní Verona, mo bi wọ́n bóyá inú ààlà yẹn ni ibi ìgbọ́kọ̀sí wọn wà. Wọ́n ní kí n fi nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́, àwọn á bá wa fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú. Mo ti fi ránṣẹ́, mo sì ní kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.