Alẹ́ kan ní Daikoku

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Daikoku, ibi ìsinmi ojú márosẹ̀ ní Yokohama, ní Japan, níbi tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ ti máa ń kóra jọ lálẹ́. Ẹsẹ̀ ò gbé èèyàn débẹ̀ o. Orí márosẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé, ọ̀rẹ́ mi ló gbé mi lọ.

Àwọn ọkọ̀ eléré Japan bíi Skyline, RX-7, Supra, wọ́n tò bí ọkọ ìyàwó lọ́jọ́ ìdána. Kò sẹ́ni tó ń tẹ ẹ́ńjìnnì kó máa ké, kò sí orin aláriwo. Ọwọ́ ò gbọdọ̀ kan ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Bàbá kan rí mi bí mo ṣe káwọ́ sẹ́yìn tí mò ń wo Skyline rẹ̀, ló bá rẹ́rìn-ín, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún mi. Díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì!

Kò pẹ́ ni ọlọ́pàá fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde pé àwọn fẹ́ ti ibẹ̀ pa. Kò sí àríyànjiyàn. Oníkálukú kó pàǹtí rẹ̀ sọ́kọ̀, wọ́n tò jáde jẹ́ẹ́jẹ́. Èmi tí mo ti ń retí "ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́ ni?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Japan, ṣé wọ́n ti lé ẹ̀yin náà níbẹ̀ rí?