Ẹ bi aláìsàn yín léèrè nígbà tó ṣì lè dáhùn

Oṣù kejì rèé tí bàámi lọ, mi ò tíì lè gba iwájú ọsibítù yẹn kọjá. Kíndìnrín wọn ló ti daṣẹ́ sílẹ̀, máṣíìnì ló ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní dialysis. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé èèyàn yín lọ fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni dókítà ní, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan lagbára wa ká, ìgbà tí bùrọ̀dá mi ń fowó ránṣẹ́ láti London ló di ẹ̀ẹ̀mejì. Tọ́sìdè kan, wọ́n wà lórí máṣíìnì, bí BP wọn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ṣe já wálẹ̀ nìyẹn, iṣan ẹsẹ̀ ń fà wọ́n, òógùn bò wọ́n, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní "Àbẹ̀kẹ́, ó tó. Ẹ gbé mi lọlé." Kí ni mo ṣe? Àdúrà ni mo bẹ̀rẹ̀, mo pariwo ẹ̀ gan-an, kí n má baà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Nọ́ọ̀sì ní "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí bàbá sọ̀rọ̀ ná." Mi ò dákẹ́. Bàámi dijú. Wọn ò sọ ọ́ mọ́ láé, wọ́n kàn máa ń na apá sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́ ni.

Nígbà tí wọn ò dá wa mọ̀ mọ́, dókítà bi wá pé kí ni bàbá fúnra wọn fẹ́. Ìgbà yẹn ni mo tó jẹ́wọ́ ohun tí wọ́n sọ fún mi lórí máṣíìnì. A dá ẹ̀jẹ̀ fífọ̀ dúró, a gbé wọn lọlé, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n lò sí i, wọ́n fún wọn ní mọfíìnì, oògùn apàrora tó lágbára, kí èémí má baà ni wọ́n lára, omi tá a ti ń wọ̀n fún wọn látọjọ́ yìí, mò ń kán an sí wọn lẹ́nu.

Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ṣì fẹ́ máa fọ ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́, lójú gbogbo ọmọ, kẹ́ ẹ pe èyí tó wà lókè òkun sórí fóònù. Tó bá jẹ́ owó ló ń mú wọn sọ pé ó tó, ẹ wádìí, láti 2025 làwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀ kan ti já owó ẹ̀jẹ̀ fífọ̀ ẹ̀ẹ̀kan láti 50,000 náírà sí 12,000. Tó bá jẹ́ ìrora ni, ẹ sọ fún dókítà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ó ti sú wọn lóòótọ́, ẹ gbọ́. Kíndìnrín ló pa bàámi, èmi kọ́, ẹni tó bá ń sọ pé torí owó tán lọ́wọ́ wa la ṣe dá a dúró, kó wá wo àkáǹtì mi. Ẹ ṣáà bi wọ́n, ẹ má fi àdúrà dí wọn lẹ́nu bí mo ṣe ṣe.

Bùrọ̀dá mi ò tíì gbé ìpè mi títí di òní.